Ìwòye nínú Kíláàsì Iṣẹ́ Ọnà: Àríyànjiyàn Ọnàbólú àti Murray

Àwọn tó ń gbèjà kíkọ́ iṣẹ́ ọnà àfojúrí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìyẹn àwòrán yíyà, ère gbígbẹ́, ìkòkò mímọ, aṣọ rírẹ láró àti irú wọn, sábà máa ń sọ pé ọmọ tó bá kọ́ ọ yóò rí iṣẹ́ ṣe jẹun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí yìí nìkan kò lè gbé ẹ̀kọ́ náà dúró, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nínú kíláàsì kò ní fi ọnà ṣiṣẹ́ jẹun. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń fún gbogbo wọn ni ìwòye, èyí tí í ṣe agbára láti tẹjú mọ́ nǹkan títí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yóò fi hàn, kí ènìyàn sì lè sọ ìdí tí ó fi dára tàbí ibi tí ó ti kù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní Nàìjíríà ni àríyànjiyàn ti wà lórí ohun tí ó yẹ kí ojú ọmọ kọ́. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ti fúnra rẹ̀ kọ́ àwòrán ènìyàn yíyà kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ní àkókò tí àwọn Òyìnbó kan gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya ojú ènìyàn kí ó jọ ọ́. Nígbà tí ó padà dé Èkó ní 1922, ó kọ́ni ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama bíi King's College àti CMS Grammar School, ó sì ń fi òfin ibi jíjìn han àwọn ọmọ, èyí tí ó ń mú kí ohun tó wà lókèèrè kéré, kí etí ọ̀nà méjèèjì sì dà bí ẹni pé wọ́n pàdé. Lójú rẹ̀, ọmọ adúláwọ̀ tó bá mọ òfin yìí ti já irọ́ àwọn amúnisìn.

Òun náà ló rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un, ṣùgbọ́n Kenneth Murray tó dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927 gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ìlànà Yúróòpù yóò pa ọnà ìbílẹ̀ run, nítorí náà ó ní kí àwọn ọmọ máa ya ìgbésí ayé ìlú wọn. Ben Enwonwu, tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, wà lára àwọn tí Murray kọ́. Èrò rere ni, síbẹ̀ ẹni tó bá fi òfin yíyàwòrán du ọmọ nítorí àtidáàbò bo àṣà rẹ̀ ti bá ọmọ náà yan ogún rẹ̀ láìbi í. Ọnàbólú pẹ̀lú ní àlèébù, torí kíláàsì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fàyè gba ìmọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ìmọ̀ náà sì jinlẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọnà lílé, níbi tí ó ti ń la orí, ara àti ẹsẹ̀ ère jáde láti inú igi. Aletúnlé ló kàn, tí etí, ojú àti ọwọ́ yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí fínfín, ìyẹn fífi ọ̀bẹ fín irun àti aṣọ, tó parí rẹ̀. Ère tí ọnà lílé rẹ̀ bá ti wọ́, fínfín kò lè tún un ṣe mọ́, ohun kan náà sì ni ọmọ tó ń fi pẹ́ńsù ya ìkòkò ń kọ́ nígbà tí ó bá sáré lọ síbi ọ̀ṣọ́. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1973, Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn ará ìlú ń fi ìwọ̀n bíi jíjọra, ìfarahàn àti gígún ṣe lámèyítọ́ ère.

Bruce Onobrakpeya, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Zaria Art Society ti 1958 tí wọ́n fẹ́ so ìlànà Yúróòpù àti ọnà ìbílẹ̀ pọ̀, kọ́ni ní St. Gregory's College ní Èkó láti 1963 títí di 1980. Ó yẹ kí àwọn tó ń fojú kéré olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ronú lé èyí.

Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ń há ìtàn ère Nok àti Ifẹ̀ sórí nítorí ìdánwò WAEC láìfọwọ́ kan amọ̀. Àìrówó ni wọ́n ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ èédú àti ẹ̀yìn ìwé àtijọ́ ti tó fún olùkọ́ láti ní kí àwọn ọmọ yàwòrán, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí oníkálukú sì sọ ohun tí ó rí kí ó tó sọ èyí tí ó wù ú.