Dò Kan Ṣoṣo

Kí ẹnikẹ́ni tó lanu kọrin, ìda ni bàbá onílù kọ́kọ́ mú. Wọ́n gé e níwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú òjò, ìyẹn ojú ńlá ìyáàlù bàtá. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n tún bu bíńtín lé e. Ìda ló ń jẹ́ kí ohùn awọ wúwo kó sì lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ohùn náà á kú. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n gbé ìlù kọ́rùn, ọwọ́ ọ̀tún sí ojú òjò, bílálà, awọ tí wọ́n fi ń lù ú, lọ́wọ́ òsì fún ṣáṣá, ojú kékeré rẹ̀.

Àgbàlá kan ní Òṣogbo la wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọba Kò So ni ẹgbẹ́ òṣèré kan fi ń dánra wò, eré olórin tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní ilé ọnà Mbari Mbayo nílùú yìí kan náà lọ́dún 1963, tó sì gbé dé Berlin lọ́dún kejì. Apá ìparí ni mo bá wọn, níbi tí àwọn èèyàn Ṣàngó ti ń kéde pé ọba kò so.

Ẹ fi etí ìlù gbọ́ gbólóhùn yẹn. “Ọba so”: re, re, re. “Ọba kò so”: re, re, dò, re. Dò kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹni tó pokùn so àti ẹni tó di òrìṣà. Bí ó bá sọnù, ohun tí àwọn ọ̀tá Ṣàngó ń wí ni ìlù wí yẹn. Dùndún ì bá fún ọsán, kó rọra fa ohùn wálẹ̀. Bàtá kò ní ohun tí à ń fún bẹ́ẹ̀. Akólòlò ni, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń wá ọ̀rọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, dò náà rì sábẹ́ ohùn omele, ìlù kékeré tó ń tẹ̀ lé ìyáàlù.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ‘kò’ yẹn o,” obìnrin tó ń pe Ṣàngó ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò fèsì. Wọ́n kàn bojú wo ọmọkùnrin tó ń lu omele abo, wọ́n gbé bílálà sókè díẹ̀. Ó ti yé e. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró níwọ̀n ìṣẹ́jú akàn, dò sì jáde ketekete. Àmọ́ obìnrin náà ti sáré kọjá, ó ti wà lórí “so” kí ìlù tó dé. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó fa “kò” gùn, ìlù bọ́ sínú ohùn rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ gúnlẹ̀ sórí “so.”

Ó ku iná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dì í mú kò ka ení èjì. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún bàbá ló ń wò: bó bá ti gbéra, òun náà á yí iná, ìmọ́lẹ̀ á sì bà lé oṣé Ṣàngó tí ọ̀kan nínú àwọn òṣèré gbé sókè, lórí dò gan-an.

Ọmọ yìí ló mú mi rántí Jimoh Buraimoh. Òun ló ń bójú tó iná eré fún Dúró Ládípọ̀, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ sí oníṣẹ́ ọnà ìlẹ̀kẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ọwọ́ tí oníṣẹ́ ọnà Georgina Beier darí ní Mbari Mbayo lọ́dún 1964 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ eré àti iṣẹ́ ọnà kò yara wọn sọ́tọ̀ níbẹ̀: Muraina Oyelami, tó ń ṣeré tó sì ń lùlù nínú ẹgbẹ́ kan náà, di ayàwòrán níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni Buraimoh ń fi àtè lẹ̀ mọ́ pátákó, ọ̀wọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, tí wọ́n sì ń yí ojú àti ọrùn èèyàn po. Nígbàkígbà tí mo bá rí i bí pupa ṣe ń ṣókùnkùn lọ sí dúdú nínú wọn, ọwọ́ ẹni tó ti ń dín iná kù fún òṣèré ni mo ń rí.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin. Ohùn, ìlù àti iná jọ dé. Inú gbogbo wa dùn, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bàbá gbé ìlù lé orí itan, wọ́n fi èékánná họ ìda díẹ̀ kúrò, wọ́n tún gbá ojú òjò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ́tí.