Òwìwí Lord Rosse: Ṣé Ojú Ló Rí I Ni, Àbí Ọkàn?

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ àwòrán ojú ọ̀run kan wò. Ọdún 1848 ni Lord Rosse yà á ní Birr Castle, ní Ireland, pẹ̀lú awò ìwòràwọ̀ ńlá tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. M97 ló yà, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ìràwọ̀ kan tó ti darúgbó tú jáde sójú ọ̀run. Planetary nebula ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan plánẹ́ẹ̀tì rárá o. Nítorí pé irú wọn rí roboto lójú William Herschel ló ṣe sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ láyé 1780.

Rosse ya òbìrí kan, ó fi ihò dúdú méjì sí i, ó sì fi ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Orí òwìwí gan-an ni! Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Òwìwí. (Ìyá mi àgbà ìbá gbọ́ orúkọ yìí, wọn kì bá jẹ́ kí n jáde lóru.)

Ihò méjèèjì wà lóòótọ́, iyì ńlá sì ni fún Rosse pé ó rí wọn. Ìràwọ̀ inú wọn ni mo ní ẹjọ́ sí. Nínú fọ́tò òde òní, àárín ihò méjèèjì ni ìràwọ̀ tó tú afẹ́fẹ́ náà jáde wà. Rosse tún ní òkùnkùn tó yí wọn ká lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1845 ló rí i pé M51 lọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, M51 ṣì wà lọ́kàn rẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi ṣá. Ní oṣù kẹrin, mo gbé awò oní-íńṣì 8 mi sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ya ojú méjèèjì rekete. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n ní, “Ṣé o rí ojú yìí lóòótọ́?” Mi ò lè fèsì. Fọ́tò ni mo ti wò tẹ́lẹ̀!

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó sínú òkùnkùn fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó wo nǹkan kan. Mo wá ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípò kí n tẹjú mọ́ ọn. Òbìrí bí èéfín ni mo rí, pẹ̀lú àbàwọ́n kan ṣoṣo. Mo fi ìka pa pẹ́ńsù rẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo fi ojú kejì sílẹ̀. Àwòrán yẹn ò rẹwà, àmọ́ òun ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, ẹ wá a nítòsí Merak, ìràwọ̀ kan nínú Big Dipper. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wo fọ́tò.