Irin Kékeré Tó Ń Ké Lábẹ́ Ọkọ̀

Ẹni tó bá ti gun róólà kósítà rí á mọ ohùn kan: ka-ka-ka-ka, bí ọkọ̀ ṣe ń rọra pọ́nkè lọ sí ibi tó ga jù. Àyà á máa já, ọwọ́ á ti di irin iwájú mú gírígírí. Ọ̀pọ̀ èrò ló rò pé ẹ̀rọ ló ti gbó, tàbí pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ariwo yẹn sí i láti dẹ́rù ba èèyàn. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ariwo ọgbà ìṣeré, òun gan-an ló yẹ kó fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ṣéènì gígùn kan wà láàárín irin ojú ọ̀nà méjèèjì, mọ́tò ló ń fà á. Ìkọ́ kan lábẹ́ ọkọ̀ á gbá ṣéènì náà mú, wọ́n á sì jọ máa gòkè. Ìkọ́ yẹn kọ́ ló ń ké. Irin mìíràn tún wà níbẹ̀, ó rí bí ahọ́n, wọ́n sì so ó kọ́ kó lè máa lọ sókè sódò. Lójú ọ̀nà, eyín irin bíi ti ayùn tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ síwájú, eyín á gbé ahọ́n sókè, ahọ́n á gorí rẹ̀ kọjá, á sì já bọ́ sí òdìkejì: ka! Ó tún di eyín kejì: ka! Bí ṣéènì bá já, ibi tí ọkọ̀ lè yọ̀ padà sẹ́yìn dé kò ju àlàfo eyín méjì lọ. Ahọ́n á ti há sí eyín tó gùn kọjá kẹ́yìn.

Kò sí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì fún irin yìí, kò sì dúró de iná mànàmáná. Ìwúwo ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Agbára tó ń fa ìwúwo yìí sísàlẹ̀ náà ni ìbá wọ́ ọkọ̀ padà sísàlẹ̀ kó sì pa èrò inú rẹ̀. Ohun tí ìbá pa wọ́n ni oníṣẹ́ yá lò láti fi dáàbò bò wọ́n.

John A. Miller, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1872, ló ṣe irú ahọ́n irin yìí fún róólà kósítà, ó sì gbàwé àṣẹ lé e lórí ní nǹkan bí ọdún 1910. Ní 1919, ó tún mú èyí tó ju ìyẹn lọ jáde. Kí tirẹ̀ tó dé, orí irin lásán ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jókòó lé. Bí òkè bá lọ mú jù, ọkọ̀ lè fò kúrò lójú irin, nítorí náà àwọn tó ń kọ́ ọ kì í dán an wò. Miller wá fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ mìíràn sábẹ́ irin. Ọ̀kan ń yí lókè, ọ̀kan ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sì ń yí nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ lè fẹ́ fò, ṣùgbọ́n kò ríbi fò lọ.

Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ kékeré yẹn sọ dà. Róólà kósítà Leap-the-Dips tí wọ́n kọ́ ní Pennsylvania ní 1902 kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi máìlì 10 láàárín wákàtí kan ni eré rẹ̀ mọ. Cyclone ti Coney Island ní New York, tó ṣí ní 1927, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 85, ó sì ń sáré tó máìlì 60. Kí ìbẹ̀rù tó lè ga tó bẹ́ẹ̀, ààbò ló kọ́kọ́ ga.

Síbẹ̀, irin kì í dá ṣiṣẹ́. Níbi tí ọ̀nà bá jẹ́ onígi, òjò á mú igi wú, oòrùn á mú un gbẹ, nọ́ọ̀tì á sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn òṣìṣẹ́ fi ń fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà náà kí èrò tó dé, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, tí wọ́n ń wo orí nọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Luna Park ìlú Melbourne, lórí Scenic Railway tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1912, òṣìṣẹ́ kan ló máa ń dúró láàárín ọkọ̀, tó di ọ̀pá ìjánu mú, tí òun àtèrò sì jọ ń lọ. Bí èrò bá kún, ọkọ̀ á sáré ju ìgbà tó ṣófo lọ. Bí òṣìṣẹ́ náà bá fa ìjánu jù, ọkọ̀ lè má gun òkè tó kàn. Bó bá pẹ́ kó tó fà á, kọ́nà ti dé. Kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe.

Níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣọ́ ọkọ̀ pàápàá, èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe. Ní Alton Towers, ọgbà ìṣeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 2015, kọ̀ǹpútà róólà kósítà tó ń jẹ́ Smiler dá ọkọ̀ tó kún fún èrò dúró, nítorí ọkọ̀ òfìfo kan ti há síwájú. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ségesège. Wọ́n fi ọwọ́ borí àṣẹ rẹ̀, wọ́n tú ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì lọ kọlu ti iwájú. Ẹni 16 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ obìnrin méjì nínú wọn. Ní 2016, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lé iléeṣẹ́ tó ń darí ọgbà náà. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ni kò la ìlànà tó yè kooro sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rọ rí òótọ́, ó sì sọ ọ́. Iléeṣẹ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń gbà á gbọ́.

Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ọgbà bá ní kẹ́ ẹ dúró lórí ìlà nítorí wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò, ẹ má pòṣé sí i. Owó ìjáyà lẹ san. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó rí i pé ìjáyà náà kò kọjá iye tẹ́ ẹ rà.