Àwọ̀ àti Ìdílé nínú Àmì Àṣẹ Orílẹ̀-èdè Benin

Abala kìíní òfin ìpìlẹ̀ Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ṣàpèjúwe àmì àṣẹ orílẹ̀-èdè wa ní èdè Faransé. Asà náà pín sí mẹ́rin: ilé olódi àwọn Somba, Ìràwọ̀ Benin, igi ọ̀pẹ àti ọkọ̀ ojú omi. Àmọ̀tẹ́kùn méjì dì í mú. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a padà. Mo fẹ́ yẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wò nígbà tí a bá ń túmọ̀ àpèjúwe yìí sí Yorùbá.

Ogún ìdílé ni irú asà bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù: bàbá a fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Àwọn tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ sì ní ẹ̀ka-èdè tiwọn. Lẹ́nu wọn, «sable» kì í ṣe iyanrìn, dúdú ni. Àìmọ èyí ló mú kí àwọn ìtumọ̀ kan sọ pé iyanrìn ń tú jáde láti inú ìwo méjì tó wà lórí asà náà. Ìwo dúdú ni òfin wí, àgbàdo ló sì ń yọ jáde nínú wọn.

Yorùbá náà ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú ètò àwọ̀ mẹ́ta wa, funfun, pupa àti dúdú, «sable», «azur» àti «sinople» lè wọ abẹ́ dúdú pọ̀. Bí mo bá kọ ọ̀pẹ dúdú, òkun dúdú àti ọkọ̀ dúdú, n kò ṣi èdè sọ, ṣùgbọ́n ayàwòrán kò ní lè fi í ṣiṣẹ́. Mo dábàá àwọ̀ ewé fún «sinople», àwọ̀ aró fún «azur», kí dúdú kù fún «sable» nìkan.

Ti ìdílé ló le jù. Nítorí pé asà jọ oríkì, ó lè wù wá láti fi ohùn oríkì túmọ̀ rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Oríkì ní ẹni tó ni ín. Àwọn ilé ọba Àlàdá, Àgbómẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ń pe ara wọn ní ọmọ Agasu, ọmọ àmọ̀tẹ́kùn. Ṣùgbọ́n ogun Dànhòmẹ̀ ló fọ́ Kétu ní ọdún 1886. Ta ni yóò ki àmọ̀tẹ́kùn yìí ní Kétu? Ìràwọ̀ náà ti inú oyè tí Ọba Toffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1889 wá, kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di tiwọn. Ọkọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí èyí tó gbé baba wọn bọ̀ láti Brazil. Ìdílé mìíràn mọ̀ ọ́n sí èyí tó kó ènìyàn wọn lọ láti Wídà, tí wọn kò sì rí wọn mọ́.

Nítorí náà, kí ìtumọ̀ òfin sọ ọkọ̀, ìràwọ̀ àti àmọ̀tẹ́kùn, kó sì dákẹ́ níbẹ̀. Ìtàn ìdílé kọ̀ọ̀kan yẹ nínú àlàyé abẹ́ rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú tó ti wá. Bí a bá kì í mọ́ inú òfin, ilé kan ni yóò jogún ohun tí gbogbo wa jọ ni.