Àrokò, Ẹnà àti Ìṣirò Ọ̀rọ̀ Àṣírí: Lámèyítọ́ lórí Ohun tí À ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ìfáárà
Ó ti di àṣà láàrin àwa onímọ̀ láti máa sọ pé àwọn Yorùbá ti ní ìmọ̀ ìṣirò ọ̀rọ̀ àṣírí kí Òyìnbó tó dé, àti pé àrokò àti ẹnà ni ẹ̀rí rẹ̀. Èrò yìí dùn létí. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń pàdánù.

Àrokò
Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí ó rán an sí. Bí onítọ̀hún bá fi mẹ́jọ dáhùn, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Iye ni a fojú rí, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò níbẹ̀: ìró 'fà' àti 'jọ' ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ èdè ni èyí, ó sì jinlẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka ẹyọ náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní rí nǹkan kan fà yọ.

Ẹnà
Ẹnà sún mọ́ ìṣirò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ní òfin. Nínú oríṣi kan, a ó tún fáwẹ̀lì sílébù kọ̀ọ̀kan pè tòun ti ohùn rẹ̀, a ó sì fi 'g' ṣáájú rẹ̀: 'Adé ti dé' yóò di 'Agadégé tigi dégé'. Ẹni tí ó mọ òfin yóò yọ àfikún náà kúrò. Àbùkù rẹ̀ ni pé òfin yìí nìkan ni àṣírí. Ní ọdún 1883, Auguste Kerckhoffs là á kalẹ̀ pé bí ọ̀tá tilẹ̀ mọ ọgbọ́n tí a lò, iṣẹ́ tí a rán gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kí ó jẹ́ àṣírí. Ẹnà kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí ọmọ ilé kejì bá ti mọ òfin rẹ̀, ó parí.

Ibi tí ìṣirò wà
Bí a bá sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ìgbà mẹ́ta nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ADE yóò di EFG. Iye ìgbà tí a sún un ni kọ́kọ́rọ́. Lẹ́tà wa jẹ́ 25, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ 24 péré ni ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dán gbogbo wọn wò. Bí a bá pààrọ̀ àwọn lẹ́tà bí ó ṣe wù wá, iye ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é yóò di nọ́ńbà onídíjíìtì 26. Síbẹ̀, al-Kindi ní Baghdad ti ṣàlàyé ní sẹ́ńtúrì kẹsàn-án pé a lè tú irú rẹ̀ nípa kíka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹyọ.

Èdè wa tún mú ìbéèrè tirẹ̀ wá. Bí a kò bá yọ àmì ohùn, ADÉ yóò di EFǴ. Yàtọ̀ sí 'm' àti 'n' aṣesílébù, kọ́ńsónáǹtì Yorùbá kì í gba ohùn. Nítorí náà, àmì orí G yìí ti tú àṣírí pé fáwẹ̀lì ni ó ṣeé ṣe kí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìṣirò tí a kọ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní béèrè èyí.

Àgbálọgbábọ̀
Àbá mi ni pé kí àrokò wà ní kíláàsì èdè, níbi tí iyì rẹ̀ wà. Kí olùkọ́ ìṣirò fi ẹnà ṣe àpẹẹrẹ òfin tí a lè tú padà, kí ó tó kọjá sí lẹ́tà 25 àti àmì ohùn. Kí olùkọ́ Yorùbá sì bá a kọ́ ọ. Àwọn kan yóò ní èyí ń tẹ́ńbẹ́lú ogún wa. Rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún pé owó ẹyọ mẹ́fà jẹ́ ìṣirò kò ní mọ ìṣirò, kò sì ní mọ àrokò.