Bí 641 Ṣe Wọ Inú Nọ́ńbà Ńlá

Tíṣà ìṣirò kan wà ní Òmùpò, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí kì í dárúkọ 4,294,967,297 kó má rántí ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ẹ̀là ṣọ́ọ̀kì kékeré ni ọ̀gá náà máa ń mú dání, àtẹ́lẹwọ́ ló sì fi ń nu bọ́ọ̀dù.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Awẹ́ èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Bí babaláwo bá dà á lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra, ọ̀nà 4,294,967,296 ló lè gbà hàn. Ẹ fi ẹyọ kan lé e, ó di nọ́ńbà tí Pierre de Fermat, ará Faransé, gbà pé kò ṣe é pín àfi fún 1 àti ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kàn sọ ọ́: 17, 257 àti 65,537, tí wọ́n fi ẹyọ kan ju ojú odù, gbogbo odù àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kò sí èyí tó ṣe é pín nínú wọn. Ní 1732 ni Leonhard Euler fi 641 pín èyí tó tẹ̀ lé wọn.

Pípín gbọọrọ kò jẹ ọ̀gá lógún. Ojú méjì tí 641 ní ló ń dùn mọ́ ọn: 5 lọ́nà 128, kí a fi 1 lé e, tàbí 625 àti 16. Bẹ́ẹ̀ 625 náà, 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 ni.

Ó wá kọ 640 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sọ wọ́n di púpọ̀: 167,772,160,000. Yọ 1 kúrò, 641 á pín ìyókù láìṣẹ́ kù, torí 640 lọ́nà 640 dín 1 kò ju 639 lọ́nà 641 lọ. Ṣùgbọ́n 167,772,160,000 yìí kan náà ni 625 lọ́nà 268,435,456. Ká ní 641 ló wà nípò 625 ńkọ́? Á fi 16 lọ́nà 268,435,456 lé sí i, ìyẹn 4,294,967,296 gan-an. Ibí yìí ni ọ̀gá máa ń fi ṣọ́ọ̀kì lu bọ́ọ̀dù: "Mẹ́rìndínlógún tún dé!" Ṣọ́ọ̀kì á ṣẹ́, àwọn ọmọ iwájú á sáré he é. Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan tí a yọ lẹ́ẹ̀kan: 641 pín apá méjèèjì, nítorí náà ó pín ohun tó wà láàárín wọn, 4,294,967,297.

Ọmọ tó ti ń ka ẹẹ́tàdínlógún láti kékeré, kí ló fẹ́ bà á lẹ́rù nínú dídín?

Fóònù ló ń bí tíṣà Òmùpò nínú. Ọmọ á tẹ nọ́ńbà sí i, 641 á yọ, á dà á kọ, ó parí. Kákùlétọ̀ pọ́ọ́kú orí àtẹ tilẹ̀ burú jù: ojú nọ́ńbà mẹ́jọ péré ló gbà, mẹ́wàá sì ni ti èyí.

Bí a bá fi 641 pín in, 6,700,417 ló máa fún wa. Òun náà kò ṣe é pín mọ́, ṣùgbọ́n tíṣà kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì. Ohunkóhun tí kò ṣe é pín tó bá lè pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku 1 bí a bá fi 128 pín òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá dúró níbi tí nọ́ńbà lọ́nà ara rẹ̀ ti ju 6,700,417 lọ, 257, 641, 769, 1,153 àti 1,409 nìkan ló yẹ ká dán wò. Ìlà àga kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan, bírò àti ìwé ni wọ́n fi ń ṣe é, gbogbo fóònù sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tíṣà títí wọ́n á fi ṣe é tán.