Àpá Ara Fíìmù

Ẹ̀dà burúkú kan lórí kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ fi wo fíìmù Within Our Gates. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sáré kiri bí ẹni tí òjò ká mọ́ oko, ojú wọn sì ti di èédú lásán; bí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ni, bí wọ́n ń sunkún ni, n kò mọ̀. Mo pa á kí n tó wò ó dé ìdajì. Nígbà tó yá ni mo tún rí i nínú àpótí aláwo márùn-ún tí ilé-iṣẹ́ Kino Lorber gbé jáde lọ́dún 2016, èyí tí wọ́n pè ní Pioneers of African-American Cinema. Evelyn Preer, ẹni tó ṣe Sylvia Landry, gbójú sókè, mo sì rí ojú: ìpéǹpéjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, òjìji kékeré tó wà lábẹ́ ètè. Ọmọ èèyàn ló ń wò mí.

Oscar Micheaux ló ṣe fíìmù náà. Àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀ ní South Dakota, lẹ́yìn náà ó di òǹkọ̀wé tó ń gbé ìwé ara rẹ̀ kiri láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tó bọ́ sídìí sinimá, bákan náà ló ṣe é: ó ń gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn onílé sinimá dúnàá-dúrà. Oṣù kìíní ọdún 1920 ni wọ́n fi èyí hàn nílùú Chicago, nígbà tí rògbòdìyàn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1919 ṣì wà lọ́kàn gbogbo èèyàn. Ẹ̀rù ba àwọn tó ń yẹ fíìmù wò, torí Micheaux fi hàn gbangba bí agbo aláwọ̀ funfun ṣe ń so aláwọ̀ dúdú rọ̀ láìgbẹ́jọ́. Níbi kan wọ́n gé e. Níbòmíràn wọn ò gbà kó wọlé rárá.

Fíìmù aláìlóhùn tí Micheaux ṣe lé ní ogún. Mẹ́ta péré ló kù lónìí. Fíìmù ayé ìgbà yẹn, tí wọ́n fi nitrate ṣe, bí kò bá rí ìtọ́jú, á lẹ̀ mọ́ra, á di ìyẹ̀fun nínú agolo. Bí iná bá sì ràn án, omi kì í pa á. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ò fi rí Within Our Gates mọ́. Madrid ni ẹ̀dà kan ti jáde, ní ilé ìpamọ́ fíìmù Filmoteca Española, orúkọ rẹ̀ ti yí padà sí La Negra, ìyẹn Obìnrin Dúdú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sáàárín àwòrán fún òǹwòran láti kà ti di èdè Sípéènì. Mẹ́rin péré nínú àwọn àkọlé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹ́ kù lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ilé ìkàwé Library of Congress, tó parí àtúnṣe náà lọ́dún 1993, kò kàn lè yí Sípéènì padà sí Gẹ̀ẹ́sì kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn Micheaux ni wọ́n ń wá. Wọ́n padà sídìí àwọn ìwé ìtàn tó kọ, wọ́n tẹ́tí sí bó ṣe máa ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó kọ gbólóhùn tiwọn. Láàárín fíìmù, apá kan sì wà tí kò sí níbì kankan mọ́. Wọn ò dọ́gbọ́n bò ó. Wọ́n kọ ọ́ sójú àwòrán pé báyìí ni ohun tó sọnù ṣe lọ, ìtàn sì ń bá a lọ. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn ju gbogbo dídán àwòrán lọ.

Ẹ̀tọ́ tí òfin Amẹ́ríkà fún ẹni tó ṣe fíìmù yìí ti tán tipẹ́. Gbogbo ayé ló ni ín. Ẹni tó bá wù ú lè dà á kọ kó sì tà á, kò sẹ́ni tó máa mú un. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà burúkú fi pọ̀. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà lára ẹ̀dà, wọ́n á tún ṣe òmíràn lára ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni funfun ń funfun sí i, dúdú ń dúdú sí i, títí ohun tó wà láàárín méjèèjì á fi parẹ́. Àárín yẹn ni awọ ara wa wà. Ojú aláwọ̀ funfun á ṣì hàn díẹ̀. Tiwa ló kọ́kọ́ ń lọ. Ìdí nìyí tí n kò fi lè ka owó tí àwọn èèyàn dá jọ lórí Kickstarter fún àpótí Kino Lorber sí owó eré. Ẹnìkan ní láti lọ bá ẹ̀dà tó dára jù lọ, kó yà á lẹ́yọ lẹ́yọ sínú kọ̀ǹpútà, kó sì mú kó máa lọ bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe ń rìn.

Lápá ìparí fíìmù náà, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, Armand Gridlestone, ká Sylvia mọ́ inú ilé, ó fẹ́ fi ipá bá a lò. Lóde, wọ́n ń so àwọn tó tọ́ Sylvia dàgbà rọ̀. Micheaux ń mú wa lọ síhìn-ín, ó ń mú wa lọ sọ́hùn-ún, kò jẹ́ ká mí. Ibi tí wọ́n ti ń jà ni ọkùnrin náà ti rí àpá kan láyà Sylvia, ó sì mọ̀ pé ọmọ òun ni. Nínú àwo tuntun yìí, ìlà tín-ín-rín ṣì ń já wálẹ̀ lójú àwòrán fíìmù náà, àmì ṣì wà níbi tó ti fara gbọgbẹ́. Mo dá a dúró níbi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti rọ, mo sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì wò ó pẹ́.